Àgbò Tó Ń Fi Díẹ̀ Sanra

Bí ẹ bá gba ọ̀nà tó ti Ṣakí lọ sí Ìgbòho, tí ọlọ́kadà yín kì í ṣe aláìgbọràn, ẹ ó kan ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ẹmi. Ẹ má wò ó pé ó kéré. Ìlú tó bí Alàájì Kàdírì Ládòkun kò lè kéré lójú Alàájì Kàdírì Ládòkun. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ kan, níbi tí wọ́n ti ní kó wá ṣe àdúrà ráńpẹ́ fún ọmọ. Ọmọ náà sunkún, ó sùn, ó jí, ó tún sunkún, Alàájì ò tíì kúrò lórí ọdún tí wọ́n bí òun.

Ní àkókò tí mò ń wí yìí, ìjọba ìbílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe Alákòóso Àgbà fún Ìṣọ́ Omi, Ìṣírò Koríko àti Ìtọ́jú Èèpo Gbogbo. Gbogbo rẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ pè pátá. Ẹni tó bá pè é ní "Alákòóso" lásán, ó ti kí ògiri. Ẹni tó bá sì gbàgbé èèpo níbẹ̀, Alàájì á gbójú sókè, á máa wo àjà títí onítọ̀hún á fi rántí èèpo. Ràsáàkì, akọ̀wé rẹ̀, ló ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tẹ̀lé e kiri. Bí Alàájì bá sín lọ́jà, Ràsáàkì á gbé ẹ̀rọ sẹ́nu, á ní, "Alákòóso wa ti sín! Ẹ ṣàdúrà fún wọn!" Àwọn tó ń ra ata á fi ata sílẹ̀, wọ́n á ṣàdúrà. Ojú mi báyìí ni.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn o, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá ipò náà sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹ̀ẹ̀rùn Òkè-Ògùn kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Tó bá ti wọ oṣù kejì, oṣù kẹta, odò á fà, koríko á gbẹ, iná ìgbẹ́ á jó èyí tó ṣẹ́ kù. Àgbẹ̀ á dáná sun pòròpóró ọkà tí ẹran ì bá jẹ. Fúlàní á da màlúù rẹ̀ kọjá lọ síbi tó jìnnà, ìgbẹ́ màlúù tí ì bá sọ oko di ọlọ́ràá á ṣòfò sójú títì. Nínú ilé ńkọ́? Èèpo iṣu ń jẹrà lórí àkìtàn, ewúrẹ́ tí egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà dúró ní òdìkejì odi, kò rí i jẹ.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán Alàájì lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ kan ní Ìlọrin, kó lọ kọ́ bí a ṣe ń fi ohun tó wà lọ́wọ́ sin ẹran láìfi nǹkan ṣòfò. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń gé pòròpóró wẹ́wẹ́ kí ẹran lè jẹ ẹ́ tán. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń sá èèpo ẹ̀gẹ́ kó gbẹ kí a tó fún ẹran. Wọ́n kọ́ wọn bí ìgbẹ́ ẹran ṣe ń padà sóko. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀sán ibẹ̀ dára púpọ̀, ẹ sì mọ̀ pé oorun kì í jìnnà sí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Alàájì gbọ́ dáadáa, torí pé àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un ló jí i: "Ẹ fi díẹ̀ ṣe púpọ̀." Òun náà pàtẹ́wọ́. Ó gbé díẹ̀ bọ̀ wálé, ó fi púpọ̀ sílẹ̀ ní Ìlọrin.

Bó ṣe dé, ó ní kí gbogbo ìlú pé jọ sí ìdí ọpọ́n ìmumi ẹran tó wà lẹ́yìn mọ́sáláṣí. Ọpọ́n oníṣìmẹ́ńtì gígùn ni, ẹ̀rọ tó ń lo oòrùn ló ń fa omi sí i láti inú kànga jíjìn, ibẹ̀ nìkan sì ni omi wà fún ẹran Ìdí-Ẹmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Alàájì gun àpótí. Ràsáàkì gbé ẹ̀rọ sí i lẹ́nu.

"Ẹ̀yin ènìyàn Ìdí-Ẹmi," ni Alàájì bẹ̀rẹ̀, "ẹran yín ti bàjẹ́! Ẹ ti kẹ́ wọn bàjẹ́! Ewúrẹ́ yóò jí láàárọ̀, á mumi. Kí ló ṣe? Iṣẹ́ wo ló fẹ́ lọ ṣe tó fi ń mumi láàárọ̀?"

"Iṣẹ́ wo ló fẹ́ lọ ṣe!" ni Ràsáàkì wí.

"Mo ti lọ kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wá. Ẹran tí kò bá rí púpọ̀ jẹ, kò ní mọ̀ pé púpọ̀ wà. Ẹran tí kò bá mọ̀ pé púpọ̀ wà, ebi kò lè pa á. Láti òní lọ, ẹran kan, abọ́ omi kan lójúmọ́. Ẹran kan, ẹ̀kúnwọ́ èèpo kan lójúmọ́. Èèpo tó bá ṣẹ́ kù di ti ìjọba!"

Àwọn àgbààgbà ìlú wo ara wọn lójú. Ẹnì kan ṣe bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó rántí pé ọmọ òun ń wáṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, ó bá pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ẹnì kan ti pàtẹ́wọ́, ta ni yóò káwọ́ lẹ́yìn? Àtẹ́wọ́ sọ. Alàájì ti ẹ̀rọ omi náà pa pẹ̀lú àgádágodo ńlá kan, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó fi í sórí agbádá kí gbogbo ayé lè rí i. Láàárọ̀ nìkan ló ń ṣí i, kí wọ́n bu abọ́ kọ̀ọ̀kan fún ẹran, á sì tún tì í.

Èèpo ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Wọ́n ya ilé kan sọ́tọ̀ fún un nítòsí ọjà, wọ́n pè é ní Ilé Ìṣúra Èèpo. Alàájì fúnra rẹ̀ ló gé rìbọ́nù ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sá èèpo náà sóòrùn, nítorí pé òfin kò sọ ọ́. Nígbà tó yá, ìṣúra jẹrà. Òórùn rẹ̀ lé àwọn tó ń ta iṣu kúrò lọ́jà, ewúrẹ́ sì máa ń lọ dúró síwájú ilẹ̀kùn ibẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á máa fimú fa ọrọ̀ ìjọba.

Obìnrin kan wà ní ìlú náà tó ń jẹ́ Àwáwù, Ìyá Samsudeen ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ewúrẹ́ ló fi ń gbọ́ bùkátà. Ewúrẹ́ ló fi rán Samsudeen níléèwé títí ọmọ náà fi kàwé jáde. Ní ọjọ́ kan, ó wọ ìborùn rẹ̀, ó lọ bá Alákòóso nílé.

"Ẹ kú ilé o, Alàájì."

Alàájì wo àjà.

"Ẹ kú ilé o, Alákòóso Àgbà fún Ìṣọ́ Omi, Ìṣírò Koríko àti... àti èèpo."

"Ìtọ́jú Èèpo Gbogbo," ni Ràsáàkì tọ́ ọ sọ́nà láti ìdí ògiri.

"Gbogbo rẹ̀ náà ni. Alàájì, ewúrẹ́ mi bí ìbejì, ìbejì náà sì ti kú. Ọmú ìyá wọn ló gbẹ. Òmíràn tún wà nílé tó ń fọ́mọ lọ́mú lọ́wọ́ báyìí, abọ́ omi kan ò lè ṣe nǹkankan fún un. Ẹ̀yin náà kúkú bímọ, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí omi fún wa."

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, á kọ́kọ́ bá a kẹ́dùn ìbejì náà. Ṣùgbọ́n Alàájì ti ń wá ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

"Ìyá Samsudeen, ìjọba kì í fi omijé ṣòfin. Ẹran yín tó kú, kò fara mọ́ ètò ni. Ẹ wo ẹran tó fara mọ́ ètò! Ràsáàkì, mú Ìṣọ́ra wá."

Ìṣọ́ra jáde. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àgbò rèé o. Funfun ni, ìwo rẹ̀ lọ́ po, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì, ọ̀rá ọrùn rẹ̀ sì ń mì bó ti ń rìn. Ó wo Ìyá Samsudeen, ó gùnfẹ̀.

"Abọ́ omi kan, ẹ̀kúnwọ́ èèpo kan," ni Alàájì wí. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń fún un láàárọ̀. Kì í jẹ nǹkan mìíràn mọ́ títí dọjọ́ kejì."

Ìyá Samsudeen wo àgbò náà títí. "Alàájì, àgbò yìí ń jẹ nǹkan."

"Ìkóra-ẹni-níjàánu ló ń jẹ! Ẹ máa lọ sílé, kí ẹ lọ fi í bọ́ ewúrẹ́ yín."

Obìnrin náà lọ sílé. Kò sunkún lójú ọ̀nà, ó dé ilé kó tó sun ún.

Ó yẹ kí n tètè sọ èyí: Alàájì kò parọ́. Ohun tó sọ ló gbà gbọ́. Láràárọ̀ ló ń wọn abọ́ omi kan àti ẹ̀kúnwọ́ èèpo kan fún Ìṣọ́ra, á sì ka ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ níta lọ́jọ́ náà fún un. Àgbò náà á dúró, á máa jẹnu, á gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹ̀dá mìíràn ní Ìdí-Ẹmi tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kì í ṣe é. Ó wá dá Alàájì lójú pé ohùn òun wà lára ohun tó ń mú ẹran náà sanra. Ó fẹ́ràn rẹ̀ dénú.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún àgbò, ìlú sì tẹ́jú. Bí Alàájì bá ti jáde nílé tán, Ìṣọ́ra náà á jáde. Ta ni yóò gbé igi na àgbò Alákòóso? Kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan. Ààwẹ̀ ti parí, Iléyá ń bọ̀, ẹ sì mọ ètò ẹran Iléyá: a kì í dá a jẹ. Ìdá kan ti onílé, ìdá kan ti ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, ìdá kan ti aláìní. Ọjọ́ tí ará Ìdí-Ẹmi bá ti fojú kan àgbò ńlá ló ti ń pín in lọ́kàn. Olúkúlùkù wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé, bí òun bá ń bọ́ ẹran yìí, ọjọ́ kan Alàájì á gbọ́, tó bá sì di ọjọ́ Iléyá, itan á wá sílé òun.

Misturat alákàrà ń da èèpo ẹ̀wà fún un ní ìdí agbada. Jẹ́ẹ́dé ológì ń fún un ní eèrí ògì tó ṣì tutù. Àdìgún àgbẹ̀ ń ti oko gbé ewé ẹ̀pà bọ̀, ó ń fi í pamọ́ sẹ́yìn ilé dè é. Wọn kò sọ fún ara wọn, nítorí pé itan ẹ̀yìn àgbò kò ju méjì lọ. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ nìyí: ẹran tiwọn wà nílé tó ń fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣeré, èyí tó yẹ kí agbo ẹran jẹ ni gbogbo wọ́n ń gbé fún àgbò kan. Wọ́n sì ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n.

Alàájì kò jẹ́ kí iṣẹ́ ìyanu náà mọ sílé. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń ya àwòrán Ìṣọ́ra, tó ń fi í ránṣẹ́ sí Ìbàdàn lórí Wásáàpù: Ìṣọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́, Ìṣọ́ra níwájú, Ìṣọ́ra àti Alákòóso, Alákòóso nìkan. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn aláṣẹ. Wọ́n ní kí Dókítà Débọ́lá, tó jẹ́ dókítà ẹran, lọ wò ó. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn máa ń bèèrè ni.

Ọjọ́ tó máa dé, wọ́n ta àtíbàbà sí iwájú Ilé Ìṣúra Èèpo. Ràsáàkì fọ́n lọ́fínńdà yí ilé náà ká, òórùn méjèèjì pò pọ̀, ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alàájì wọ agbádá mẹ́ta léra wọn. Ó sọ̀rọ̀ láti orí ìgbà tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀, ó gba orí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ máa gun ti girama ni Dókítà Débọ́lá rọra dìde, ó lọ fọwọ́ kan ẹ̀yìn àgbò.

"Alàájì, kí ni ẹran yìí ń jẹ?"

"Ẹ̀kúnwọ́ èèpo kan."

"Lójúmọ́?"

"Nígbà mìíràn, ó máa ń jẹ ẹ́ kù."

"Omi ńkọ́?"

"Abọ́ kan. Mo tilẹ̀ fẹ́ dín in kù."

Dókítà mi orí. "Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ayé ò tíì rí irú rẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n fi rán mi ni pé, bí mo bá rí i pé òótọ́ ni, òfin yín yóò kárí gbogbo Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ìgbẹ́tì, ẹ̀yin náà ni ẹ ó sì máa darí rẹ̀ láti Ìbàdàn."

Alàájì fẹ́ ṣubú fún ayọ̀. Ìyá Samsudeen, tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, di etí aṣọ rẹ̀ mú. Ó ń ro ti gbogbo ewúrẹ́ tó wà láti Ìsẹ́yìn dé Ìgbẹ́tì.

"A sì tún gbé nǹkan dání," ni Dókítà wí. Wọ́n ká tapólì kúrò lórí ẹ̀rọ pupa kan tó ń dán yinrin. "Ẹ̀rọ tó ń gé pòròpóró rèé. Ẹ̀bùn ni, fún ẹni tó bọ́ àgbò yìí."

Alàájì gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Gbogbo ojú ló wà lára ẹ̀rọ pupa.

Misturat wúkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà. Ẹni tó ni àgbò lẹ wí, àbí ẹni tó bọ́ ọ?"

"Ẹni tó bọ́ ọ."

"Tóò. Èmi rèé."

"Ìwọ báwo?" ni Alàájì pariwo.

"Ẹ má bínú, sà. Gbogbo èèpo ẹ̀wà mi ló ń jẹ, láti ìgbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́. Mo fẹ́ kó yà yín lẹ́nu lọ́jọ́ Iléyá ni."

"Irọ́!" Jẹ́ẹ́dé ti dìde. "Èèpo ẹ̀wà wo ló ń mú ẹran sanra báyìí? Eèrí ògì mi ni! Ẹ gbóòórùn ẹnu ẹ̀, ẹ ó mọ̀!"

Ẹnì kan gbóòórùn ẹnu àgbò, ó ní eèrí ni lóòótọ́.

"Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ rọra," ni Àdìgún wí, ó sì ń rìn bọ̀ níwájú. "Ewé ẹ̀pà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni mo ń rù ú láti oko. Ẹ wo èjìká mi."

Ìyẹn ló tú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó fún un ní èèpo iṣu dìde, ẹni tó fún un ní omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì dìde, kódà Mùyìbátù, ìyàwó Alàájì fúnra rẹ̀, ti òpin ìjókòó àwọn obìnrin sọ̀rọ̀: "Àjẹkù túwó ni tèmi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fún un." Alàájì yíjú sí i. Obìnrin náà fi kún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́."

Ràsáàkì kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹ̀rọ pupa, ó sì gbàgbé pé gbohùngbohùn wà lẹ́nu òun. Gbogbo ìlú títí dé ìdí ọ̀nà Ìgbòho ló gbọ́ ọ: "Búrẹ́dì tí èmi ń rẹ sínú mílíìkì ńkọ́?"

Dókítà Débọ́lá jẹ́ kí ariwo náà lọ sílẹ̀. "Èèpo ẹ̀wà, eèrí, ewé ẹ̀pà, èèpo iṣu, túwó, búrẹ́dì onímílíìkì. Alàájì, agbo ẹran kan yóò jẹ ìyẹn, yóò yó. Kò sí ẹran tó ń fi nǹkan ṣòfò tó àgbò yìí ní gbogbo Òkè-Ògùn."

Ìyá Samsudeen ló dìde tẹ̀lé e. Kò wo Dókítà, kò wo Alàájì. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló ń wò. "Ẹ ní nǹkan nílé," ló wí. "Ẹ rí mi nígbà tí mo ń gbé ìbejì ewúrẹ́ mi lọ sin. Misturat, ìwọ lo bá mi gbẹ́lẹ̀. Ẹ ní nǹkan nílé!" Misturat wo ilẹ̀.

Bí Alàájì bá ní ọgbọ́n, ibẹ̀ ni ì bá ti bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́ kí ènìyàn mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. "Ọ̀tẹ̀ ni!" ló pariwo. "Ọ̀tá ìmọ̀ ni gbogbo wọn! Oúnjẹ wọn ni kò jẹ́ kí ẹran náà sanra tó bó ṣe yẹ! Dókítà, n ó ti Ìṣọ́ra mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n ìmumi, níṣojú gbogbo ayé. Abọ́ kan, ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹ padà wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bó bá rù, kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́rùn mi."

"Ó dáa," ni Dókítà wí. Ó ní kí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀rọ pupa padà.

Wọ́n fi páànù ṣe ilé fún Ìṣọ́ra lẹ́yìn mọ́sáláṣí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n gbígbẹ. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, Alàájì gbé ẹ̀kúnwọ́ èèpo wá. Ìṣọ́ra jẹ ẹ́ tán, ó gbójú sókè, ó ń retí oúnjẹ. Ó rò pé ẹ̀kúnwọ́ yẹn, Alàájì kàn fi ń kí òun ni. Nígbà tó rí i pé ó ti tán, ó kígbe. Ó kígbe títí oòrùn fi wọ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ń sín igbe rẹ̀ jẹ lọ́nà. Àwọn ọlọ́kadà tó ń ti Ìgbòho bọ̀ ń dúró bèèrè ẹni tí wọ́n ń lù.

Alàájì ka ọ̀rọ̀ fún un. Ó ka ti Ọjọ́ Omi, ó ka ti Ọjọ́ Koríko. Àgbò náà kọ ẹ̀yìn sí i. Ọ̀rá ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ojú jìn sínú. Nígbà tó yá, kò kígbe mọ́, ó kàn dùbúlẹ̀ sínú ooru páànù, ó ń mí gulegule. Ìyẹn ló wá dẹ́rù ba Alàájì jù. Ó ń fẹ́ Ìbàdàn lójú méjèèjì. Ó ń rí ara rẹ̀ nínú ọ́fíìsì tó tutù, ó ń rí orúkọ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Bó bá sì tún ti wo àgbò náà, ọ́fíìsì náà á pòórá lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Mọ́sáláṣí kún. Alàájì jókòó sí ìlà iwájú, Ràsáàkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lèmọ́mù dúró, ó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù kútúbà. N kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni o, ọ̀rọ̀ obìnrin tó so ológbò mọ́lẹ̀ títí ebi fi pa á ló mú lọ́jọ́ náà. Ó ní iná ni obìnrin náà wọ̀. Ó ní kì í ṣe pé ó lù ú, kì í ṣe pé ó pa á. Ó kàn tì í mọ́lé, kò fún un lóúnjẹ, kò sì jẹ́ kó lọ wá tirẹ̀ jẹ.

Láti ẹ̀yìn ògiri, Ìṣọ́ra kígbe lẹ́ẹ̀kan. Ohùn rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́.

Òógùn bo Alàájì. Ó fara dà á díẹ̀ sí i, kò lè fara dà á mọ́. Ó fọwọ́ di imú bí ẹni tí imú ń ṣẹ̀jẹ̀, ó dìde, ó ń gbẹ́sẹ̀ kọjá láàárín àwọn ènìyàn. Ẹ kúkú mọ̀ pé ẹni tó bá fi ọwọ́ di imú jáde ní mọ́sáláṣí, àlùwàlá rẹ̀ ló bàjẹ́, a kì í bi í. Wọ́n yàgò fún un, wọ́n ń rò pé yóò padà wá.

Ilé páànù ló sáré lọ. Ó gbé orí Ìṣọ́ra lé itan rẹ̀. "Ìṣọ́ra, dìde. Jọ̀ọ́, dìde, ọmọ dáadáa." Ẹran náà wò ó, kò dìde. Alàájì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó já kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn, ó fi í bọ àgádágodo, ó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ pátápátá.

Omi tú jáde. Ariwo rẹ̀ nínú ọpọ́n gbígbẹ yẹn kò kéré. Ìṣọ́ra gbọ́ ọ, ó dìde fúnra rẹ̀, ó ki ẹnu bọ omi. Alàájì ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n etí tó gbọ́ omi náà kì í ṣe ti Ìṣọ́ra nìkan. Ewúrẹ́ kan yọ ní kọ̀rọ̀. Méjì tẹ̀lé e. Kí a tó wí kí a tó fọ̀, gbogbo ẹran Ìdí-Ẹmi ti ń rọ́ bọ̀: wọ́n fo odi, wọ́n já okùn, èyí tó wà níwájú Ilé Ìṣúra Èèpo kọ ìṣúra sílẹ̀, ó sáré. Wọ́n yí Alákòóso ká. Ó ń lé wọn, "Kìṣì! Abọ́ kan! Abọ́ kan!" Òbúkọ kan gun agbádá rẹ̀ kọjá. Ó fẹ́ ti ẹ̀rọ pa, kò rí ọ̀nà dé ibẹ̀ mọ́.

Ibi tí wọ́n ti bá a nìyẹn nígbà tí ìrun parí. Gbogbo mọ́sáláṣí tú síta, wọ́n dúró, bàtà ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Ọkọ̀ Dókítà Débọ́lá náà ti dé, agbo ẹran ni kò jẹ́ kó kọjá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Alàájì dúró láàárín omi, agbádá rẹ̀ ti di ẹrẹ̀, ewé ẹ̀pà kan tó mú bọ̀ fún Ìṣọ́ra láti ilé yọrí lápò rẹ̀, òbúkọ sì ń jẹ ẹ́.

Ràsáàkì gbé ẹ̀rọ sẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe. "Alákòóso Àgbà fún Ìṣọ́ Omi..." Ó wo omi tó ń ṣàn kọjá lẹ́sẹ̀ gbogbo ènìyàn. Ó pa ẹ̀rọ.

Ẹ̀rín sọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Dókítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Alàájì," ló wí, "ẹran tí òfin yín yóò pa, ẹ̀yin fúnra yín lẹ yọ ọ́. Ẹ ti parí iṣẹ́ tí mo bá wá." Ó ní kí wọ́n sọ ẹ̀rọ pupa kalẹ̀ sí ìdí ọpọ́n, kí gbogbo ìlú máa lò ó, kí wọ́n dẹ́kun dídáná sun pòròpóró. Ó wá na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́.

Alàájì fi ìka tó tutù nà án sí i. Ṣùgbọ́n Dókítà kò gbà á sápò. Ó wò káàkiri, ó rí Ìyá Samsudeen, tó ń fa ewúrẹ́ rẹ̀ tó ń fọ́mọ lọ́mú bọ̀ láàárín èrò. "Màmá, ẹ gbà."

"N kò lọ́wọ́, ọmọ mi," ni Ìyá Samsudeen wí. Ọmọ ewúrẹ́ wà ní apá kan, okùn wà ní ọwọ́ kejì. "Ẹ gbé e kọ́ ara ẹ̀rọ níbẹ̀, ẹni tó bá nílò rẹ̀ á mú un." Ó dé ìdí ọpọ́n. Òbúkọ ńlá yẹn kò jẹ́ kí ewúrẹ́ rẹ̀ rí ọ̀nà. "Alàájì, ẹ bá mi di ìwo eléyìí mú, kí tèmi lè mu."

Alàájì wo yíká, kò rí Ràsáàkì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di òbúkọ náà mú níwo méjèèjì, ó fà á sẹ́yìn. Ewúrẹ́ mumi, ó sinmi, ó tún mu. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Kàdírì Ládòkun yóò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún. Kò sì sọ̀rọ̀.